Alága Gbádégẹṣin àti Ìròyìn Ààbò Ọkọ̀

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò Òkè-Àǹfààní ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti tẹ̀ léra, nítorí pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Wọ́n ní olè ló da àdúgbò náà rú. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ níwọ̀nba, ó sì tẹ̀ lé ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni ó wà ní Òkè-Àǹfààní. Olóyè Gbádégẹṣin ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé níbẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ìpàdé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ọ́fíìsì ìjọba kan, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó ń kí i ju ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ó ń mi orí lókè lọ. Ìgbà tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn onílé fi í ṣe alága, nítorí pé òun nìkan ni kò sí ní ìpàdé ọjọ́ náà láti kọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti pinnu pé gbogbo ìkíni tí òun kò rí gbà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun yóò gbà á tán kí òun tó kú.

Ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ títí Múrítàlá akọ̀wé yóò fi ki Alága. Múrítàlá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó ti ń tẹ ìwé tí ó sì ń ta bírò, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn. Á dìde, á fa ṣòkòtò sókè, á ní:

“Ẹ jẹ́ kí a dìde fún Olóyè Gbádégẹṣin, Alága wa, Baba Ààbò, ògiri tí olè kò lè gùn, àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́.”

“Àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́,” Nùrẹ́nì mẹkáníìkì bi í lọ́jọ́ kan, “báwo la ó ṣe máa ṣí i?”

“A kì í ṣí i. Ìdí tí a fi ń kì í bẹ́ẹ̀ nìyẹn.”

Alága á wá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kì í gbé ọwọ́ náà sókè títí Múrítàlá yóò fi kà dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ olè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kejì, wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ olùkọ́ kan, wọ́n mú báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí àga. Lọ́jọ́ kẹtàlá, wọ́n yọ dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lára ọkọ̀ oníṣòwò aṣọ kan. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, wọ́n tú bátìrì ọkọ̀ bàbá kan tí ó lọ kírun Àsárì, bàbá náà kò sì tíì sálámà tí wọ́n fi tú u tán. Mẹ́ta nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye náà sọ́kàn.

Wọ́n pe ìpàdé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dìde, tí wọ́n ti kì, tí wọ́n sì ti jókòó, Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́.

Opó ni Abọ́sẹ̀dé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ni nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé ìlera kékeré kan ní Ìkòyí-Ilé. Láràárọ̀, kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, á ti jókòó sínú Kòrólà àtijọ́ rẹ̀, á máa lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, àwọn tí ń bójú tó ilé ìlera náà ti kọ lẹ́tà sí i: bí ilẹ̀kùn ibẹ̀ bá ṣí lẹ́yìn aago mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà, wọn yóò ti ibẹ̀ pa, wọn yóò kó oògùn àti ibùsùn lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn aboyún Ìkòyí-Ilé yóò sì máa gun ọ̀kadà wá bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣubú dí ọ̀nà. Nítorí náà, Kòrólà yẹn kì í ṣe ọkọ̀ Abọ́sẹ̀dé nìkan. Ilẹ̀kùn ilé ìlera Ìkòyí-Ilé ni.

“Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà,” ó ní. “Lójú tèmi, nǹkan mẹ́ta ni. Kí a má fi ohun tí ojú lè rí sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí a tì í, kí a fa gíláàsì sókè tán, kódà bí ó jẹ́ búrẹ́dì la fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rà. Kí ẹni tí ó bá ní ọgbà gbé tirẹ̀ wọlé, bí àyè bá sì ṣẹ́kù, kí ó gba ti aládùúgbò mọ́ ọn. Ó tán.”

Ó jókòó. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ohun tí ó sì bí Alága nínú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ààbò tí ènìyàn lè sọ tán kí ẹnikẹ́ni tó sùn, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Alága dìde. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “kí n tó sọ̀rọ̀, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Kí n sì tó sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ẹ jẹ́ kí n mí.” Ó mí. Múrítàlá pàtẹ́wọ́ fún mímí náà. “Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì dára fún àwọn ará oko. Ẹ tì í, ẹ tì í. Ta ni kò mọ ilẹ̀kùn ún tì? Ẹ jẹ́ kí n bi yín: inú kí ni olè ti ń jalè? Inú àìmọ̀ ni! Ẹnìkan kò mọ ibi tí ọkọ̀ ẹnìkejì wà, ẹnìkejì kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn bá mọ ohun gbogbo nípa ọkọ̀ gbogbo ènìyàn, olè dà? Ojú ni yóò ti olè.”

“Ṣíámáànù,” Abọ́sẹ̀dé ní, “olè náà ńkọ́? Ṣé òun kò ní í mọ̀ ni?”

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. “Nọ́ọ̀sì, olè kì í kàwé.”

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rín gbé Ìròyìn Ààbò Òkè-Àǹfààní kalẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìròyìn náà ń jáde. Múrítàlá á tẹ̀ ẹ́, á fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù àdúgbò, á sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ òpó iná. Ojú ewé méjì ni. Ohun àkọ́kọ́ ni àwòrán Alága lórí ìdúró. Ohun kejì ni àwòrán Alága lórí ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni ohun tí Alága sọ lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni Ìkíni, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àdúgbò sì ń kà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Kò sí ohun tí a kì í kí ènìyàn fún. Ẹni tí ó jókòó, a kí i. Ẹni tí ó dúró, a kí i. Ẹni tí òjò pa, a kí i. Ẹni tí òjò kò pa, a kí i fún ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ra ọkọ̀ tí a kò kí, á ní a ń bá òun ṣe ìlara. Alága fi èyí ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ọkọ̀, tàbí tí ó pààrọ̀ táyà, tàbí tí ó fẹ́ rìnrìn àjò, kí ó lọ sọ fún Akọ̀wé, kí àdúgbò lè kí i bí ó ti yẹ. Kí ìkíni má sì jẹ́ ti ẹnu lásán, kí ó ní àlàyé. Ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an:

“Àdúgbò kí Alàgbà Olúwaṣèyí kú oríire ọkọ̀ tuntun. Aláwọ̀ eérú ni. Ìta ló ń sùn, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí pé géètì wọn kéré. Rédíò inú rẹ̀ ń dún bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀.

“Àdúgbò kí ìyá Àánúolúwapọ̀ àti ọkọ rẹ̀ kú ìrìn àjò Abuja. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn yóò lò. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn kejì sílẹ̀ níwájú ilé. Kí Olúwa bá wọn ṣọ́ ọ, nítorí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

“Àdúgbò kí Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí kú ìnáwó táyà mẹ́rin. Tuntun ni o, kì í ṣe àlòkù.”

Kí ó tó di ọjọ́ Túsìdé, ibi tí rédíò Alàgbà Olúwaṣèyí wà ti di ihò. Ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ kejì ìyá Àánúolúwapọ̀ kò ní bátìrì mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ Fágbèmí wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó ga ju bí ó ti ń ga tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àdúgbò kí gbogbo wọn kú àdánù.

Ẹ ó rò pé inú bí wọn. Fágbèmí gé ìwé náà, ó fi há ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò jáde nínú ìwé nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì jáde, ẹ̀ẹ̀kan fún táyà, ẹ̀ẹ̀kan fún àìsí táyà.

Alága ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé ohun tí ó fà á tí olè fi ń pọ̀ sí i ni pé àwọn ènìyàn kò ka ìròyìn náà tó. Ènìyàn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún péré ni ó wà lórí gúrúùpù.

“Ọ̀rọ̀ yín ti tóbi ju àdúgbò yìí lọ, Baba,” Múrítàlá ní. “À ń bu omi òkun sínú ife.”

Nítorí náà Múrítàlá tẹ pósítà. Àwòrán Alága wà lókè, nísàlẹ̀ ni àmì tí ènìyàn lè fi fóònù yà kí ó sì wọ gúrúùpù náà ní tààrà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáréèjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọjà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bátìrì àlòkù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ènìyàn orí gúrúùpù di 734.

“Ṣíámáànù,” Abọ́sẹ̀dé bi í nígbà tí wọ́n pàdé lọ́nà, “ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wá. Ta ni àwọn yòókù?”

“Olólùfẹ́ ààbò ni wọ́n.”

“Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni, sà?”

“Àwọn mọ̀ mí,” Alága ní, ó sì kọjá lọ.

Ní àkókò yìí ni lẹ́tà kan dé láti Ọ̀yọ́. Àjọ kan tí ó kó àwọn ẹgbẹ́ onílé jọ fẹ́ fún àdúgbò kan ní àmì ẹ̀yẹ fún ètò ààbò. Alága ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó kà á lórí ìjókòó, ó ní kí Múrítàlá kà á sí òun létí kí òun lè gbọ́ bí ó ṣe máa dún lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, fáìlì mẹ́ta wà lórí ẹsẹ̀ Múrítàlá.

Màmá Ògúnfúnkẹ́ ni olórí àjọ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì ń wo ènìyàn láti orí awò ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó mú un níbi tí ó ti ń wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó gbọ́ mímí, ó ṣí ìwé rẹ̀.

“Kí ìròyìn yín tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ mélòó ni wọ́n jà lólè?”

“Mẹ́ta, Màmá.”

“Láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?”

Alága nà tán lórí ìjókòó rẹ̀. “Mẹ́sàn-án, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àwọ̀ ọkọ̀.”

Màmá Ògúnfúnkẹ́ wò ó láti orí awò ojú rẹ̀. “Mẹ́sàn-án,” ó ní, ó kọ ọ́. “Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, èmi àti ẹnì méjì yóò wá fi ojú wa rí i.”

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Alága bi Múrítàlá léèrè bóyá ó rí bí ẹnu ṣe ya ìyá náà. Múrítàlá ní òun rí i.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí ń yọ Alága lẹ́nu: Abọ́sẹ̀dé kò tíì wá gba ìkíni rí. Ọkọ̀ rẹ̀ náà ni olè kò sì tíì fọwọ́ kàn. Ó ń tì í, ó ń kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀, inú ọgbà Nùrẹ́nì ni ó sì ń gbé e sí ní alẹ́. Ojú Alága rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, ìròyìn ní abala tuntun kan, orúkọ rẹ̀ ni Àwọn Aláìgbọràn, ẹnì kan péré ni ó sì wà níbẹ̀:

“Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ń kọ́ wa ní ààbò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Kòrólà rẹ̀ lápá òsì kì í tì. Akọ̀wé wa ti wọ̀ ọ́ rí, ó sì jẹ́rìí sí i. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, láti aago méjì sí mẹ́rin, iwájú ilé rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń wà nígbà tí ó bá lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó ronú pìwà dà.”

Ọ̀sán Sátidé ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Abọ́sẹ̀dé dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Gíláàsì kò fọ́. Ilẹ̀kùn iwájú kò ṣí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ni ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti tú bátìrì. Wọ́n ti yọ bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí ó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí ó jẹ́ pé bí kò bá sí, irin lásán ni ìyókù.

Nùrẹ́nì wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé. “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni. Irú àpótí yìí kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lè bá yín wá a dé Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kò lè yá tó ọ̀sẹ̀ méjì.”

Ní ọjọ́ Ajé, ó gun ọ̀kadà. Òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó dé Ìkòyí-Ilé, obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn títì, ìyá àgbà kan sì di èjìká rẹ̀ mú. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé tí ọmọ náà fi wá sáyé, lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ó yè. Ìyá rẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ kí wọ́n tó rí i dá dúró. Ìyá àgbà náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wí pé, “Nọ́ọ̀sì, a ti ń retí yín o. A ti ń retí yín.”

Ìwé kan wà níbẹ̀ tí Abọ́sẹ̀dé ń kọ àkókò tí ilẹ̀kùn ṣí sí. Kò sí ẹni tí ń wò ó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ọlọ́kadà náà sì ti sọ fún un pé ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, òun kò ní í lọ ju ọjọ́ Jímọ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó kó gbogbo ìròyìn náà lọ sí ọgbà Nùrẹ́nì, ó tẹ́ wọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kà á láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n kọ wé ohun tí wọ́n jí.

“Rédíò, wọ́n kọ rédíò, wọ́n jí rédíò,” Nùrẹ́nì ní. “Táyà, wọ́n jí táyà. Wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan bátìrì Fágbèmí, bátìrì rẹ̀ sì dára. Nítorí pé wọn ò kọ ọ́ ni.”

“Ẹni tí wọn kò kọ sínú rẹ̀ ńkọ́?”

Nùrẹ́nì tún un kà. “Kò sí ẹni tí wọn kò kọ tí wọ́n jà lólè. Àǹtí, ìwé yìí ni olè mú dání.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kí Alága nínú pálọ̀ rẹ̀, ó sì na ìwé náà sí i.

“Ẹ ń sọ pé ìkíni mi ló ń jalè?” Alága bi í.

“Rárá, sà. Mo ní olè ń ka ìkíni yín.”

“Mo ti sọ fún yín, olè kì í kàwé. Kí ni ó ń ṣe yín, Nọ́ọ̀sì? Gbogbo àdúgbò ń gba ìkíni, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ya ara yín sọ́tọ̀.”

Abọ́sẹ̀dé wo ìwé náà, ó wo Alága. Ó ká a, ó fi í sínú báàgì.

“Òótọ́ ni, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí ara mi.”

Bí ẹ bá rí bí ojú Alága ṣe tàn. Ó pe Múrítàlá lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọlọ̀tẹ̀ ti túúbá. Abọ́sẹ̀dé sọ ọ́ fún wọn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n lè kọ ọ́: ó ti ra bátìrì tuntun àti bíréènì bọ́ọ̀kìsì ní Ọ̀yọ́; láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìta ọgbà Nùrẹ́nì ni ọkọ̀ náà yóò wà; òun yóò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti aago mẹ́sàn-án.

“Ṣé kí a fi kún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò tíì tì?” Múrítàlá bi í.

“Bí kò bá ni yín lára,” Abọ́sẹ̀dé ní.

Kò ra nǹkan kan. Òun àti Nùrẹ́nì ni wọ́n ti Kòrólà náà síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, ọkọ̀ márùn-ún wà ní ìta ọgbà Nùrẹ́nì, ẹsẹ̀ mẹkáníìkì sì yọ síta lábẹ́ mẹ́rin nínú wọn. Kò sí ẹni tí í wo ẹsẹ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó di aago mẹ́wàá, ọkùnrin kan dé tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ó lọ̀ dáadáa. Ó mú ìwé jáde nínú àpò, ó wo ìwé, ó wo nọ́ńbà ọkọ̀. Kò gbìyànjú ilẹ̀kùn mẹ́ta yòókù rárá. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìn lápá òsì, ó ṣí i, ó na ọwọ́ láti ibẹ̀ fa irin tí ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì wá síwájú láti wò ó.

Ọwọ́ kan yọ láti abẹ́ ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù mí,” ọkùnrin náà ní. “Mi ò ní í sá.” Ó ṣì ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò sí bátìrì. Ó mi orí. “Ó yà mí lẹ́nu o. Ìwé yìí kò purọ́ rí.”

Simon ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Nínú yàrá tí ó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọlọ́pàá rí dígí ọkọ̀ méjì, rédíò kan, àti bíréènì bọ́ọ̀kìsì Abọ́sẹ̀dé tí kò tíì rí oníbàárà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni Màmá Ògúnfúnkẹ́ àti àwọn ẹnì méjì dé láti Ọ̀yọ́. Alága pàdé wọn lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀: wọ́n ti mú olè. Ọlọ́run ló dá ọjọ́ náà. Kò jẹ́ kí wọ́n mu omi. Ó kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lè fi ojú wọn rí èso ìròyìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Abọ́sẹ̀dé wà níwájú káńtà, ó ń bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá kí ó fún òun ní àpótí náà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé òun gbọ́dọ̀ wà ní Ìkòyí-Ilé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá náà ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn nínú àkọsílẹ̀ pé ara ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tí ó yọ ọ́ nìkan ló lè sọ ìyẹn, àwọn sì ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Kí ó tó sọ̀rọ̀,” Alága ní, “mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú.”

Ó sọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní ìmọ̀ ti borí òkùnkùn. Wọ́n mú Simon jáde láàárín ọ̀rọ̀ náà. Ó tẹ́tí títí Alága fi parí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin gan-an nìyí. Mo mọ̀ yín nínú àwòrán, ti ìdúró àti ti ìjókòó. Mo ti ń fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

“Lọ́wọ́ ta ni?” ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

“Lọ́wọ́ Ṣíámáànù, sà. Kí ìwé wọn tó dé, ìyà ń jẹ wá. A lè rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí a fọ́ gíláàsì, kí ó jẹ́ páálí ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kí àwọn ènìyàn wọn, a kì í fọ́ gíláàsì mọ́. A kì í jáde rárá títí ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n máa ń sọ ibi tí ó wà, wọ́n máa ń sọ ọjọ́ tí wọn ò ní í sí nílé. Ti Màmá Nọ́ọ̀sì yìí, ilẹ̀kùn tí kì í tì ni wọ́n tilẹ̀ sọ. Níbẹ̀ ni mo gbà wọlé. Àpótí yẹn, ti Màmá Nọ́ọ̀sì ni.”

Ọlọ́pàá ń kọ ọ́.

Màmá Ògúnfúnkẹ́ sún awò ojú rẹ̀ wálẹ̀. “Ta ló mú ọ wọ gúrúùpù àwọn onílé?”

“Pósítà ni, Màmá. Iwájú ibi tí a ti ń ta bátìrì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.”

“Ìwọ nìkan?”

“Ó tì o, Màmá. Àwa tí mo mọ̀ tó mẹ́rìnlá. Méjì wà ní Ọ̀yọ́ tiyín níbẹ̀.”

“Irọ́ ni,” Alága ní. “Olè kì í kàwé.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dun Simon ní gbogbo ọjọ́ náà. “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá iṣẹ́.”

Ọ̀gá ọlọ́pàá na ìwé tí wọ́n bá lápò Simon sókè. Ó bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Alága wo Múrítàlá. Múrítàlá, tí ó ti ń pè é ní ògiri láti ọdún mẹ́ta, wo ilẹ̀.

“Èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, sà. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mò ń tẹ̀.”

“Ó dáa. Ẹ jókòó síbẹ̀, Bàbá,” ọ̀gá ọlọ́pàá ní, ó fi ọwọ́ han Alága ní bẹ́ǹṣì. “Ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀ láti kọ sílẹ̀.”

Alága jókòó. Kò sí ẹni tí ó fi oyè kankan kì í. Wákàtí mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀, wọn kò sì gba ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ wọlé.

Màmá Ògúnfúnkẹ́ dúró tì í díẹ̀ kí ó tó lọ. “Ṣíámáànù, ẹ kú iṣẹ́,” ó ní. “Ẹ̀yẹ yẹn, a ó wá àdúgbò kan tí kò ní ìwé ìròyìn fún.”

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n sì gbé àpótí náà lé e lọ́wọ́. Nùrẹ́nì dè é mọ́ ọkọ̀, ó fi bátìrì ọkọ̀ tirẹ̀ sí i, ó tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú ìwé tí ó wà ní Ìkòyí-Ilé, ó kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Wọn kò pe ìpàdé láti yọ Alága. Wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Wọ́n kàn ń jáde lórí gúrúùpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Fágbèmí jáde. Alàgbà Olúwaṣèyí jáde. Àwọn olólùfẹ́ ààbò, tí wọ́n ti gbọ́ pé ọlọ́pàá ti ń ka ìròyìn náà, jáde lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún láàárín ọjọ́ méjì. Múrítàlá dúró di Ọjọ́bọ̀, ó ní fóònù òun ló ń ṣe wérewère, òun náà jáde. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Jímọ̀, ẹnì méjì ló ṣẹ́kù: Alága, àti Simon, tí fóònù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Alága fúnra rẹ̀ ló tẹ ìròyìn ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìka kan. Àwòrán ìdúró wà níbẹ̀, ti ìjókòó wà níbẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́. Fóònù inú dúrọ́ọ̀ náà dún, ọlọ́pàá kan ṣí i, ó wò ó, ó sì tì í padà.

Oṣù Kẹfà parí, sáà náà pé, ìgbà kẹta kò ṣẹlẹ̀. Ilé ìlera Ìkòyí-Ilé ṣì wà níbi tí ó wà, ọmọ orí bẹ́ǹṣì náà ti ń rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé ṣì ń wa Kòrólà náà lọ láràárọ̀. Àwọn ènìyàn a máa bi mí ibi tí ó ń gbé e sí nísinsìnyí, àti ẹni tí ó gbà á sínú ọgbà rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Mo mọ̀ ọ́n. N kò ní í kọ ọ́ síbí.